Ife Ìbídùn àti Ọjọ́ Òmìnira Ìkọ̀lé

Ta ló fi ife yẹn bu omi ọṣẹ? Mo ní ta ni? Ẹ má wo ara yín lójú. Ife tí mo gbé sórí àpótí, tí mo fi aṣọ bò, ni ẹnìkan nínú yín gbé lọ sẹ́yìnkùlé láti fi fọ mọ́tò. Ẹ lọ gbé e wá. Omi lásán ni kí ẹ fi ṣàn án o, ẹ má fi kànìnkànìn ha á, nítorí àwòrán tó kù lára rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́. Bí ẹ bá gbé e dé, ẹ bá mi pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, kí ẹ wá jókòó. Láti àárọ̀ ni àwọn ṣọ́jà ti ń yan lórí rẹ̀, wọn kò sì mọ̀ pé ẹ ń wo àwọn. Ìyan tí èmi fẹ́ sọ fún yín, ẹni tó ń yan mọ ẹni tó ń wò ó, ẹni tó ń wò ó náà sì mọ orúkọ bàbá rẹ̀.

Ẹ ní òní jẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Mo gbọ́. Ẹ ti Adó wá sí Ọ̀tùn níbí lánàá, ẹ sì ti ń sọ láti ìgbà náà pé kò sí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Tóyìn tó ń kàwé ní yunifásítì ní Ọ̀yẹ́ sùn títí oòrùn fi wọlé bá a lórí ibùsùn. N kò bá a wí. Kí ni ó fẹ́ jí fún? Bàbá yín Délé ní kí ẹnikẹ́ni má jáde, pé ọ̀nà kò dára. Lóòótọ́, ọ̀nà kò dára. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ọjọ́ tí wọ́n pè ní ọjọ́ òmìnira, inú ilé la tì yín mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí, n kò ní purọ́ fún yín.

Ayébọ̀dé ni wọ́n bí mi sí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀tùn níbí, ilé ọkọ ló gbé mi dé e. Ní Ayébọ̀dé ìgbà yẹn, bí iṣu tuntun bá ti wọlé, tí àgbàdo ti gbẹ, etí wa kò tún gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́ bí kò ṣe ìlù ilé-ìwé. Ìlù ńlá kan báyìí ni, ọmọkùnrin méjì ló ń gbé e. Gbìm! Gbìm! Gbìm! Bàbá mi á wà lóko, á sì mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ìyan ti bẹ̀rẹ̀. Tíṣà wa á mú igi dání, á máa pariwo "Lẹ́fù! Ráìtì! Lẹ́fù!" Ẹni tí kò mọ ọwọ́ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún, wọ́n á so ewé mọ́ ọn lọ́rùn ẹsẹ̀ òsì. Ìbídùn, ọ̀rẹ́ mi, ni wọ́n so ewé mọ́ lẹ́sẹ̀ pẹ́ jù. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n. Ó ní ewé náà dára lẹ́sẹ̀ òun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Ìbídùn jẹ́ fún yín kí n tó lọ jìnnà. Ògiri kan ló wà láàárín ilé bàbá rẹ̀ àti ilé bàbá mi. Bí ìyá mi bá nà mí, òun ló ń sunkún. Ìyá rẹ̀ ń ná ọjà káàkiri, Ọ̀mùò, Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, ó sì máa ń mú Ìbídùn dání, nítorí náà ọjọ́ tó wá sí ilé-ìwé kò pọ̀ tó ọjọ́ tó wà lọ́jà. Èmi ní tèmi, ìwé ni mo gbá mú. Bí wọ́n bá ti bi í ní ìṣirò, èmi ni yóò kọjú sí. Bí ó bá wá di ẹ̀rín rínrín àti ọ̀rọ̀ àsọdùn, èmi ni n óò kọjú sí i.

Ìkọ̀lé ni gbogbo ilé-ìwé abúlé ti ń péjọ lọ́jọ́ òmìnira. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí Èkó, ẹ lè máa rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n lójú tiwa, kò sí ìlú ńlá lẹ́yìn Ìkọ̀lé. Ibẹ̀ la ti kọ́kọ́ rí ilé alájà tí ènìyàn ń yọjú láti òkè rẹ̀. Ibẹ̀ la ti rí yìnyín tí wọ́n fi omi àwọ̀ pupa sí, tí à ń lá, tí ahọ́n wa ń pọ́n bíi ti ẹni tó jẹ obì. Kí ọjọ́ náà tó pé, àwa ọmọ ilé-ìwé á ti fọ bàtà kánfáàsì wa, a ó fi ẹfun kùn ún kó lè funfun báláú. A ó fọ aṣọ, a ó fi sítáàṣì sí i, a ó fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ títí yóò fi le gbandi. Ẹlòmíràn kò ní jókòó nínú ọkọ̀ rárá kó má baà rún.

Ọdún kan wà tí sítáàṣì tán nílé Ìbídùn. Ìyá rẹ̀ kò sí nílé. Kí ni ọ̀rẹ́ mi ṣe? Ó bu ògì, ó rì í sómi gbígbóná, ó rẹ aṣọ rẹ̀ sínú rẹ̀. Nígbà tó gbẹ, ó le ju ti gbogbo wa lọ, ó sì ń yangàn. Òjò wá rọ̀ sí wa lórí nínú lọ́rì. Kí a tó dé Ìkọ̀lé, òórùn ògì kíkan ti gba gbogbo ọkọ̀. Ẹfun bàtà wa ń ṣàn sílẹ̀ bí omi wàrà. Nígbà tí a tò, tí ìlù dún, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í yan, ewúrẹ́ kan yọ láti ẹ̀yìn ilé kan, ó sì bọ́ sẹ́yìn Ìbídùn. Ó ń lá síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Tíṣà ti sọ fún wa pé ẹni tó bá wẹ̀yìn nígbà tó ń yan, òun kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ìbídùn kò wẹ̀yìn. Ó na ọrùn, ó na ọwọ́, òun àti ewúrẹ́ rẹ̀ yan kọjá níwájú àwọn ìjòyè àti àwọn aláṣẹ, gbogbo pápá sì ń pàtẹ́wọ́. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, mo gbà pé òun ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún jù lọ́jọ́ náà.

Ṣé ẹ ti gbé ife náà dé? Ẹ gbé e fún mi. Ẹ wò ó. Àwọ̀ ewé rèé, funfun rèé, àwọ̀ ewé kejì ti họ tán. Àsíá ni wọ́n yà síbẹ̀. Ọdún tí ilẹ̀ yìí gba òmìnira gan-an ni wọ́n pín in fún àwa ọmọ ilé-ìwé ní pápá Ìkọ̀lé. Igi odán ńlá kan wà létí pápá yẹn, ibòji rẹ̀ gba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òjò tún dé lọ́jọ́ náà, ọmọ Ayébọ̀dé, ọmọ Ìkọ̀lé, ọmọ Ọ̀yẹ́, gbogbo wa rún mọ́ra nídìí igi. Òjò ló pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Ìbídùn tú àádùn tí ìyá rẹ̀ dì fún un, àgbàdo yíyan tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi epo pò. Ó pín in sọ́nà méjì nínú ife tuntun rẹ̀, ó ní:

"Ọ̀rẹ́, jẹ tìrẹ níhìn-ín. Ùdí ugi yìí ni ulé wa lónìí."

Mo jẹ tèmi. Ó jẹ tirẹ̀. A fi ife mi gba omi òjò mu. Ife tèmi yẹn ti sọnù, n kò mọ ìgbà tó sọnù pàápàá. Èyí tí ẹ rí yìí, ti Ìbídùn ni.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Wọ́n fẹ́ mi sí Ọ̀tùn, wọ́n fẹ́ Ìbídùn sí Iyé. Lónìí, ẹ lè rò pé Ọ̀tùn sí Iyé kò jìnnà. Fún ìyàwó tuntun ìgbà náà, ó jìnnà. Ìyàwó kì í kàn ṣàdédé dìde nílé ọkọ kó ní òun ń lọ kí ọ̀rẹ́. Wọn á bi í pé kí ni ó gbàgbé síbẹ̀. A kò rí ara wa títí a fi pàdé níbi òkú kan ní Ìdó. À ń di mọ́ra, à ń sunkún, àwọn ènìyàn rò pé òkú náà ló dùn wá tó bẹ́ẹ̀. Kí a tó túká, a ní ká pàdé ní Ìkọ̀lé ní ọrún òní, kí a jọ wọ ọkọ̀ lọ kí àwọn ìyá wa ní Ayébọ̀dé.

Ọrún. Tóyìn, ìgbà wo ni ọrún òní? Rárá, má kà á lórí fóònù. Bí o ṣe ń kà á yẹn náà ni èmi ṣe kà á. Mo ní kàlẹ́ńdà lára ògiri nílé ọkọ mi, èmi oníwèé. Mo fi ìka lé ọ̀la, mo pè é ní ìkíní, mo kà á títí dé márùn-ún. Mo wọ aṣọ tó dára, mo lọ sí Ìkọ̀lé. Ọjà dá páro. Ewúrẹ́ ló sùn sórí àtẹ. Bàbá kan tó ń tún àtíbàbà ṣe ni mo bi léèrè.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kò rí ọmọbìnrin kan tó pupa, tó máa ń rẹ́rìn-ín?"

"Àná ni, ọmọ mi. Àná ló jókòó síbẹ̀ yẹn di ùrọ̀lẹ́."

Ìbídùn ọmọ ọlọ́jà, bí àwọn àgbà ṣe ń ka ọjà ló ṣe kà á. Òní gan-an ni wọ́n fi ń ṣe ìkíní. Òní wà nínú rẹ̀. Àwa tí a kàwé ló máa ń yọ òní kúrò, tí a ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la. Ó ti fi ọjọ́ kan ṣáájú mi. Nígbà tí a wá rí ara wa lẹ́yìn náà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Oníwèé! Ó yọ òní dànù!" Ó sì ní kò sí ọjọ́ tí òun tún fẹ́ kà pẹ̀lú mi mọ́. Ó ní ọjọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò ní í kà fún wa, tí ọjà Ọ̀tùn àti ọjà Iyé kò lè dà rú, tí àwọn ọkọ wa náà kò lè ní àwọn kò mọ̀. Ọjọ́ òmìnira. Gbogbo ìlú ló ń lọ wo ìyan. Ta ni yóò bi wá pé kí ni a ń lọ ṣe?

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọdọọdún, nídìí igi odán Ìkọ̀lé. Ìbídùn á gbé àádùn àti ife rẹ̀ wá, èmi á gbé iṣu tuntun sísè àti ẹja yíyan. Ẹ̀yin ọmọ yìí, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ariwo ìgbà náà. Òfìfo ni gbogbo abúlé máa ń dà. Lọ́rì á ti Ìpaò dé, á ti Àràròmí dé, orin á ti ṣáájú rẹ̀ wọ̀lú. Àwọn ọdẹ á yìnbọn sókè, àwọn ọmọ á bú sẹ́kún, àwọn ìyá á bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyan, àwọn olùkọ́ á fa okùn pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá. Wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ díje, kẹ̀kẹ́ tí ẹni tó bá kẹ́yìn ni wọ́n ń fún ní ẹ̀bùn, tí ẹni tó bá fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ti kúrò nínú rẹ̀. Ọkọ mi, bàbá bàbá yín, wọ inú ìdíje yẹn lọ́dún kan. Ó rọra ń lọ, ó rọra ń lọ, ó sì rọra ṣubú lu oníyìnyín. Ó ní wọ́n tì òun ni. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Títí ó fi kú, bí Ìbídùn bá ti rí i, á ní, "Àna wa, ẹ rọra o."

Kì í ṣe ẹ̀rín nìkan la ń rín níbẹ̀. Ìdí igi yẹn ni Ìbídùn ti sọ fún mi pé àbíkẹ́yìn òun kò sí mọ́. Ìlù ń dún, àwọn ọmọ ń yan lọ, ó sì di ọwọ́ mi mú. Ó ń wo àwọn ọmọ tó wọ aṣọ funfun. Ó ní, "Ìbá ti tó wọn." Mo bá a sunkún lọ́jọ́ náà tí ojú mi fi wú. Ìdí igi yẹn náà ni mo ti sọ àwọn ohun tí n kò sọ fún ìyá mi, tí n kò sọ fún ọkọ mi fún un. Ọ̀rọ̀ ọdún kan ni à ń kó lọ síbẹ̀. Bí ìṣòro bá dé bá mi ní oṣù kejì, n óò ní, "Ó dáa, n óò gbé e dé ọ̀dọ̀ Ìbídùn." Ara mi á sì fúyẹ́ díẹ̀.

Ẹ̀yin ní fóònù, ẹ ní ẹ ń rí ara yín lójoojúmọ́. N kò bú fóònù. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, èmi àti Ìbídùn sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ títí ó fi gbóná létí mi. Àmọ́ etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di. N óò máa pariwo lójúde níbí, gbogbo àdúgbò á gbọ́ mi, Ìbídùn nìkan ni kò ní gbọ́. Á máa ní, "Ta nì yẹn? Ta nì yẹn?" Nígbà tó yá, ó ní kí àwọn ọmọ òun má gbé e lé òun létí mọ́, pé ó ń dun òun kí òun mọ̀ pé èmi ni, kí òun má gbọ́ mi. Bí a bá jókòó sídìí igi, ó máa ń gbọ́ mi. Ẹnu mi ló ń wò. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Báyìí, ẹ bá mi kà á bí nǹkan ṣe lọ. Ìyan kọ́kọ́ dínkù. Àwọn ilé-ìwé abúlé ń tú, àwọn ọmọ ti bá òbí wọn lọ sí ìlú ńlá. Lọ́rì tí ń gbé wọn kò wá mọ́. Lẹ́yìn náà ni àìsàn tó kárí ayé dé, wọ́n ní kí àwọn àgbà jókòó sílé. Kí ìyẹn tó tán, àwọn ajínigbé gba ọ̀nà. Délé ní, "Màmá, ẹ kò ní lọ. Bí ohunkóhun bá ṣe yín, kí ni mo fẹ́ sọ?" Ó fẹ́ràn mi ló ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Àwọn ọmọ Ìbídùn náà sọ fún un bákan náà. Àwa tí a ń kó ọ̀rọ̀ ọdún kan pamọ́, a wá kó ti ọ̀pọ̀ ọdún pamọ́ sínú, kò sí ibi tí a ó sọ ọ́ sí.

Nígbà tó di ọdún kan, mo fárígá. Mo sọ fún Délé pé orúnkún mi ń bàjẹ́, Ìbídùn kò gbọ́ràn mọ́, bí a kò bá rí ara wa lọ́dún yìí, ó lè jẹ́ pé ó ti parí. Mo sunkún sí i lójú. Mo dàgbà tó báyìí, mo sunkún sí ọmọ mi lójú. Ó ní ó dára, òun fúnra òun yóò wakọ̀. Ó pe ọmọbìnrin Ìbídùn ní Iyé. Mo gbọ́ tí ó ń sọ fún un: "Ẹ bá wa sọ fún Màmá yín pé Màmá mi ń bọ̀ lọ́jọ́ òmìnira. Níbi tí wọ́n ti máa ń pàdé." Obìnrin náà ní òun ti sọ, Màmá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yan àgbàdo àádùn.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú lọ́dún náà. Bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ìjọba máa ń sún ìsinmi sí ọjọ́ Ajé. Délé òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ọjọ́ tí wọ́n bá ní kó má wá síbi iṣẹ́, òun ló ń pè ní ọjọ́ òmìnira. Èmi náà kò rò ó. Ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì la lọ. Ó ti pa fóònù rẹ̀. Nígbà tó tan án lọ́sàn-án, ó rí i pé wọ́n pè é láti Iyé, ó pè padà, kò wọlé. Ó ní bóyá wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá a ṣì ń bọ̀ lọ́la ni. Ọkàn mi wà lórí iṣu tí n óò sè, mo ń yan ẹja. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bóyá ìyẹn ni.

Ọjọ́ Ajé, a dé Ìkọ̀lé. Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò rí ìyan. Pápá dá wáí. Àsíá kéékèèké kan wà lára òpó iná, òjò ti bà á jẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù. Mo ń wá igi odán, n kò rí i. Mo ní, "Délé, o ti ṣìnà." Ó ní, "Màmá, ibẹ̀ nìyí." Wọ́n ti gé e. Kùkùté rẹ̀ ló kù, obìnrin kan sì na agboòrùn síbẹ̀, ó ń ta ẹ̀pà sísè. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní báwo ni Ìbídùn yóò ṣe mọ ibẹ̀ nígbà tí kò sí igi?

Mo jókòó sórí kùkùté náà. Mo gbé iṣu mi kalẹ̀. Ẹlẹ́pà náà ń wò mí. Ó wò mí, ó wo abọ́ mi, ó wá dìde tọ̀ mí wá.

"Màmá, ẹ kú ùkàlẹ̀ o. Ṣé ẹ̀yin ni ẹ ń bọ̀ láti Ọ̀tùn?"

Mo ní èmi ni.

Ó ní, "Màmá àgbà kan jókòó síbi tí ẹ jókòó sí yẹn lánàá, láti àárọ̀. Ọmọ ọmọ wọn ló fi ọ̀kadà gbé wọn wá. Òjò rọ̀, mo ní kí wọ́n wá sábẹ́ agboòrùn mi, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní bí ọ̀rẹ́ àwọn bá dé, kò ní rí àwọn. Nígbà tí ùrọ̀lẹ́ lẹ́, tí wọ́n fẹ́ máa lọ, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, 'Oníwèé ni. Ó ti tún yọ òní dànù. Ọ̀la ni é e dé.'"

Ó yíjú, ó mú nǹkan jáde lábẹ́ àtẹ rẹ̀. Ife yìí ni. Àádùn wà nínú rẹ̀, ó fi ewé dì í ní ìdì méjì. Kò jẹ tirẹ̀. Nínú òjò láti àárọ̀ dalẹ́, ebi ń pa á, kò jẹ tirẹ̀, nítorí a kì í dá a jẹ.

N kò lè sọ bí mo ṣe sunkún fún yín. Mo sunkún bí ọmọdé. Délé kúnlẹ̀ síwájú mi nínú erùpẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò tó wọ̀, ó ń ní, "Màmá, ẹ má bínú, ẹ má bínú." N kò bínú sí i. Ta ni kí n bínú sí? Mo ní kó gbé mi lọ sí Iyé nísinsìnyí. Ó wo oòrùn, ó ní ilẹ̀ á ṣú bá wa lọ́nà, pé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo gbà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà dé, wọ́n jí àwọn kan gbé lọ́nà ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni orúnkún mi wú. Lẹ́yìn ìyẹn, a ní ká jẹ́ kí Kérésì dé, ìsinmi mìíràn ṣáà ń bọ̀. Ọyẹ́ mú, ọmọbìnrin rẹ̀ sì pe Délé láàárọ̀ kan. Mo wo ojú Délé nígbà tó ń gbọ́ fóònù. Ẹnikẹ́ni kò ní láti sọ fún mi.

A lọ sí Iyé. Ọ̀nà tí wọ́n ní kò dára láti fi lọ bá alààyè, a gbà á lọ sìnkú. Ọkọ̀ wa pọ̀, a tò tẹ̀lé ara wa, kò sí ẹni tó sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Ọmọ Ìbídùn di mọ́ mi. Ó ní láti ọjọ́ tí Màmá ti dé láti Ìkọ̀lé, bí mọ́tò bá ti dún lójúde, tí àwọn ọmọ bá ti sáré jáde, yóò ṣáà bi wọ́n pé, "Ṣé ọmọ Ọ̀tùn ni?" Kò gbọ́ràn mọ́ o. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ló ń wò tí ó fi ń mọ̀ pé mọ́tò dé.

Ohun tí mo fi ń pa tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ òní nìyẹn. Mi ò lè wo ìyan. Ìlù ńlá yẹn bá ti dún báyìí, ewúrẹ́ ni mò ń rí lẹ́yìn Ìbídùn, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló ń jáde.

Ẹ bá mi bu omi mímu sínú ife yẹn. Ẹ má kún un. Tóyìn, mo gbọ́ ohun tí o sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ lórí fóònù láàárọ̀ yìí, èyí tí ẹ jọ ń gbé yàrá kan lọ́dún tó kọjá, tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn ní Ìdó níbí. O ní o máa wá kí i nígbà ìsinmi mìíràn. Lọ wọ bàtà rẹ. Délé, gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ, Ìdó kò jìnnà, ọ̀sán ṣì pọ̀. Má wo kàlẹ́ńdà. Ìbídùn ti fi ọjọ́ kan ṣáájú mi lẹ́ẹ̀mẹta báyìí, ẹ̀ẹ̀kẹta yìí ni n kò rí ẹni bi léèrè. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ń ka ọjọ́ tí ẹ fẹ́ fi rí ẹni tí ẹ fẹ́ràn, ẹ ka òní mọ́ ọn.